Ọdún Tí Bàbá Mi Kò Tò Sẹ́yìn Àbúrò Rẹ̀

Bí mo bá fẹ́ sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún àgbàlagbà kan ní Òjó, n kì í pe orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi lọ́jọ́ ìkómọ. Tí mo bá ní Ràṣídì, ńṣe ni wọ́n á máa wò mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní Bàbá Lẹ́tà, ojú wọn á là, wọ́n á sún àga fún mi, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí bàbá mi ṣe fún ìyá wọn tàbí fún ọmọ wọn ní ìjọ́hun. Iṣẹ́ pósófíìsì ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń pín lẹ́tà láti Òjó dé Òkòkòmaikò, á sì gba ọ̀nà eléruku wọ inú Ìbà, láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ títí di ìgbà tí ìjọba kọ́ ẹ́sítéètì síbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ojúlé tí kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Ohun tó mọ̀ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn olóṣèlú ń wá kiri. Òun fúnra rẹ̀ kò du ipò kankan rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní apá ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa. Nígbà tí ó kú, àwọn ènìyàn ńlá wá, wọ́n gba makirofóònù, wọ́n pè é ní ọ̀gá nínú ètò òṣèlú, wọ́n pè é ní òpómúléró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ́dún tí àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ di káńsẹ́lọ̀.

Agboolé wa kò jìnnà sí etí omi, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbóòórùn ẹja kí a tó la ojú láàárọ̀. Yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló wà níwájú pátápátá, kí ó lè mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Àwa wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, wà lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Kànga wà láàárín, igi àgbọn mẹ́ta sì dúró lẹ́yìn ilé. Ohùn tó kọ́kọ́ ń jí mi ni ti bàbá mi tó ń fi omi yọ ẹnu nídìí kànga kó tó kírun, lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àfi bíi pé ó ń kan ilẹ̀kùn, èyí sì ni àmì pé kí èmi gbé ìgbálẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ ti gbá agboolé tán kí ìyá mi tó dáná sábẹ́ ẹja, nítorí ẹja yíyan ló ń tà, bí èéfín bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ojú kò ní lè là mọ́. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ àwọn lọ́rì tó ń sáré lọ ní ọ̀nà Àgbádárìgì, tí Bàbá Kékeré á sì máa pariwo mọ́ àwọn tó ń bá a wa yanrìn pé ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró. Ọkùnrin gìrìpá ni, ohùn rẹ̀ ga, ẹ̀rín rẹ̀ ga ju ohùn rẹ̀ lọ. Tí ó bá ti odò dé, á gbé mi sókè, á ní, "Síkírá, kí lẹ sè?" Kò sí alẹ́ tí òun àti bàbá mi kì í jọ jẹun nínú abọ́ kan náà. Àwọn obìnrin ilé ti mọ̀: ẹja méjì, ẹ̀bà ńlá kan, omi ìṣanwọ́ kan.

Bàbá mi kò ga, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà lábẹ́ igi fúrúùtù ní ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì ti ń gba àlejò. N kò tí ì gbọ́ kí ó bi ẹnikẹ́ni rí pé ta lo fẹ́ dìbò fún. Ohun tó máa ń bèèrè ni pé, "Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?" tàbí "Ọmọkùnrin tó lọ sí Kánò, ó ti kọ̀wé?" Ní ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló ń ka lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé kà, òun ló sì ń bá wọn dá èsì padà. Ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Cotonou, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, kò sì sọ ọ́ síta láéláé, àní fún ìyá mi. Ìgbà tí mo di olùkọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Àwọn olóṣèlú yòókù ń pín ìrẹsì. Bàbá mi mọ ohun tó ń dun ènìyàn, ó sì pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣe òṣèlú: "Ẹ má ka orí. Ẹ mọ orúkọ."

Lọ́jọ́ tí Bàbá Kékeré sọ pé òun máa jáde du káńsẹ́lọ̀, inú agboolé wa dùn débi pé Ìyá Àgbà bọ́ sí ìta, ó jó ijó díẹ̀ láìsí ìlù. Èmi rò pé ó ti parí. Ta ló tún kù? Bí ẹni tó ń gbé ènìyàn wọlé bá wà nílé, tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ wọlé, ṣé a tún ń bèèrè ni? Bàbá mi ní òun ti gbọ́. Ó ṣan ọwọ́, ó jókòó dáadáa, ó wá ní, "Lámídì, tí wọ́n bá yàn ọ́, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?" Bàbá Kékeré kò rò ó rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà wa yìí, láti títì dé ẹnu géètì, kí àwọn tó ń fi ọmọ ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ lè mọ̀ pé a ti dé." Bàbá mi mi orí. Ó ní kò burú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí obìnrin kan wọlé wá ní ọ̀sán, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ará apá Abẹ́òkúta ni, ó ń gbé ní Òkòkòmaikò, ó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ìjọba, ó sì ń lọ sílé àwọn aboyún ká láti gbẹ̀bí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì sọ fún bàbá mi pé àwọn obìnrin kan ló ń ti òun pé kí òun jáde du káńsẹ́lọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà tí Bàbá Kékeré wà. Èmi wà nídìí ẹja, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, mo sì gbọ́ bí bàbá mi ṣe bi í ní ìbéèrè kan náà gẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì tún sùtánà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Bàbá, mo gbẹ̀bí obìnrin mẹ́ta lẹ́bàá títì lọ́dún tó kọjá, nítorí a kò rí ibi gbé wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn kò gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé. Ilé ìgbẹ̀bí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ sí ọ̀nà Ìbà. Tí ẹ bá lè bá mi rí ẹlòmíràn tó máa kọ́ ọ, n kò nílò ipò náà." Bàbá mi dìde. Ó bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ títí obìnrin náà fi kọjá kọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nídìí abọ́, ó sọ fún Bàbá Kékeré pé kó fi ilé ìgbẹ̀bí ṣe ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe, kó pa ti ọ̀dà tì ná. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn á máa tẹ̀lé e, ohun tí ojú ń rí ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé ìjọba wà. Bàbá mi tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní, "Lámídì, n kò ní lè tò sẹ́yìn rẹ." Mo rántí pé Bàbá Kékeré mú òkèlè dání, kò fi sẹ́nu, kò sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó dìde nídìí abọ́ kí bàbá mi tó dìde.

Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ẹbí. Wọ́n pé jọ ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú yàrá Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí àwa ọmọdé lọ ṣeré. Mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi ìyá mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ràṣídì, wọ́n ní àlejò lo fẹ́ tò sẹ́yìn rẹ̀, pé o fẹ́ fi àbúrò rẹ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Ìyá mi."

Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ ti gbé ọmọ ẹlòmíràn wọlé, ẹ gbé ẹni tí kò mọ ibi tí a sin bàbá wa sí wọlé. Ó wá kan èmi tí a jọ mu ọmú kan náà, ẹ ní rárá."

"O ò ṣẹ̀ mí," ni bàbá mi wí. "Tí ìṣòro bá dé bá mi lónìí, ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè. Ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Obìnrin yẹn mọ ohun tó ń pa ènìyàn ní àdúgbò yìí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, nítorí mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ẹnì kan nínú ẹbí ní Kristẹni onísùtánà ni, pé ṣé inú ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti máa wá fi í joyè. Bàbá mi ní ọmọ tó ń bọ̀ láyé kì í bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí agbẹ̀bí ń lọ. Ariwo fẹ́ sọ, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Èmi ni mo bí àwọn méjèèjì. N kò ní tò sẹ́yìn ẹnì kankan. Ilé ni màá jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ yìí já sí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ẹrù jáde nínú ilé yìí. Ẹ gbọ́ mi?" Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ìlà ni wọ́n máa ń tò ní ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ nígbà náà. Ẹni tó ń dupò á dúró níwájú, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá á sì kà wọ́n lójú gbogbo ayé. Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, ní òwúrọ̀ Sátidé. Àwa ọmọdé gun orí fẹ́ǹsì. Mo rí bàbá mi tó wọlé pẹ̀lú agbádá kékeré rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, tó rìn kọjá níwájú àbúrò rẹ̀, tó kí i, "Lámídì, kú iṣẹ́," tó sì lọ dúró sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì. N kò mọ ohun tí mo máa fi ojú mi ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń tò, àwọn ará Òkòkòmaikò, tí a ń gé kúrú sí Òkòkò, àwọn onímọ́tò, àwọn Ègùn apẹja, àti ọkùnrin Ìgbò kan, Èméká, tó ń tún rédíò ṣe ní ọjà Àlàbá. Ìlà Bàbá Kékeré náà gùn, nítorí ènìyàn rere ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo wo ìlà náà lọ sẹ́yìn, mo rí ìyá mi. Ìyá mi gan-an, pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, lẹ́yìn Bàbá Kékeré. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí fẹ́ǹsì. Nígbà tí mo dàgbà mo bi í léèrè. Ó ní nígbà tí bàbá òun kò fẹ́ kí òun fẹ́ ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́, Bàbá Kékeré ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá òun lẹ́ẹ̀méje, pé òun kò lè gbàgbé ìyẹn nítorí ìbò.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà nígbà tí lọ́rì kan dúró lẹ́yìn pápá, tí àwọn géńdé bíi ọgbọ̀n bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì lọ tò sẹ́yìn Bàbá Kékeré. Alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni tó fẹ́ kí Bàbá Kékeré wọlé lọ́nàkọnà, ló dúró tì wọ́n, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ariwo sọ. Àwọn ará Òkòkò ní àwọn kò mọ àwọn wọ̀nyí rí. Alága ní ọmọ àdúgbò ni gbogbo wọn. Òṣìṣẹ́ ìdìbò, ọkùnrin tíńrín kan tó ń nu òógùn, ní òun kì í ṣe ará ibí, òun kò lè mọ ọmọ ilé àti àlejò, àfi kí ìhà méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa dá wọn mọ̀. Obìnrin kan kígbe pé kí wọ́n pe Bàbá Lẹ́tà. Alága ní kò ṣeé ṣe, pé ẹ̀yìn Nọ́ọ̀sì ni Bàbá Lẹ́tà wà, báwo ló ṣe máa ṣe ìdájọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ dojú rú sí nìyẹn. Àwọn kan ti ń wá òkúta nílẹ̀. Bàbá Kékeré ló gbé ohùn rẹ̀ ńlá sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́ orúkọ."

Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó kì í sápò. Ìlà tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ibi tó ń gbé. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yìn ilé elépo. Jímọ̀, ojúlé kejìlá. Àfúsátù, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì." Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Èméká, ìyẹn sọ fún un pé, "Bàbá Lẹ́tà, na me." Bàbá mi ní, "Mo mọ̀ ọ́. Ilé aláwọ̀ ewé, yàrá kẹta. Ìyá rẹ ńkọ́?" Èméká ní ó ń gbádùn. Ní ìdajì ìlà náà, bàbá mi dúró níwájú obìnrin méjì tó wọ aṣọ funfun. Ó kí wọn dáadáa. Ó bi wọ́n léèrè ojúlé wọn. Wọ́n wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Wọ́ọ̀dù mìíràn lẹ ti wá. Ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan." Ará ìjọ Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì kò yíjú padà. Ohun tí bàbá mi ṣe níbẹ̀ yẹn, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá, ló pa gbogbo pápá náà lẹ́nu mọ́. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń tàn kálẹ̀. Àwọn tó mú òkúta jù ú sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kọjá sí ìlà kejì. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà. Nígbà tí ó kan ìyá mi, ó dúró, ó wò ó. Ó ní, "Ìyá Síkírá. Ilé mi." Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi kò rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn géńdé. Ó bi ẹni àkọ́kọ́ pé, "Ọmọ mi, ojúlé wo?" Ó ní Òkòkò. Bàbá mi ní, "Òkòkò gùn. Ta lẹ jọ pààlà ilé?" Ọmọkùnrin náà wo ojú alága. Alága ń wo ibòmíràn. Kí bàbá mi tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, Bàbá Kékeré ti fi iwájú ìlà sílẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dúró níwájú àwọn géńdé náà, ó ní, "Ta ló pè yín? Ẹ kúrò lẹ́yìn mi. Tí n bá máa wọlé, àwọn tó mọ̀ mí ló máa gbé mi wọlé." Wọ́n padà sínú lọ́rì wọn. Òṣìṣẹ́ ìdìbò wá kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ìlà Nọ́ọ̀sì fi ju ti Bàbá Kékeré lọ.

Mo ti lò ju ogún ọdún lọ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mo ti kọ́ wọn ní ohun púpọ̀ nípa òótọ́, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ẹ̀kọ́ tó ju ti òwúrọ̀ yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó jó nínú agboolé wa. Bàbá Kékeré kò kó ẹrù jáde, nítorí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n kò wá sídìí abọ́ mọ́. Ó ń kí bàbá mi láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀," bí ẹni kí àlejò, á sì bọ́ sí odò. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ìyá mi kò yí bó ṣe ń bu oúnjẹ padà. Abọ́ ńlá náà ni, ẹja méjì. Bàbá mi á jẹ ìhà tirẹ̀ nínú ẹ̀bà, á jẹ ẹja kan, á sì fi èkejì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Nígbà kan mo nawọ́ sí i, ó rọra gbá ọwọ́ mi kúrò. Ìyá Àgbà á jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á máa wò wọ́n. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Má dáwọ́ dúró o. Ìbínú ọmọ ìyá, ẹnìkan kì í pa á. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì wọlé nínú ìdìbò gbogbogbòò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ilé ìgbẹ̀bí ní káńsù. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ọ, bí àdúgbò bá lè mú ilẹ̀ wá. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ lè dé ìgbàkígbà, ni ilẹ̀ ẹbí wa tó wà ní ọ̀nà Ìbà, èyí tí wọ́n pín fún Bàbá Kékeré nígbà tí bàbá wọn kú. Nọ́ọ̀sì wá sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó ní kí ó bá òun bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní rárá. Ó ní, "Mo ti gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí. N kò ní gba èkejì. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀." Nọ́ọ̀sì dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó la agboolé kọjá, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré ń tún àwọ̀n kan ṣe. Ó jẹ́ kó dúró fún ìgbà pípẹ́. Mo ń pọnmi, garawa mi ti kún, mo sì ṣe bíi pé kò tí ì kún. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó fi ẹsẹ̀ sún àpótí ìjókòó sí i. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó jáde, nígbà tí ó sì jáde, ó ń nu ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ìyá Àgbà tó wúkọ́, Bàbá Kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ wọn ilẹ̀." Bàbá mi kò sọ pé o ṣeun. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ gun ẹ̀yìn, bí ọkùnrin náà ṣe tóbi tó, wọ́n sì lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé, eruku bo àwọn méjèèjì. Ìyá mi gbé abọ́ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá Kékeré fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi kí bàbá mi tó fọ tirẹ̀, ó sì mú ẹja tó tóbi jù. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ ilé náà, ó sì ń bá àwọn bíríkìlà jà tí sìmẹ́ǹtì bá dín. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Bí mo bá ń ti ẹ́sítéètì lọ sí Òjó, mo ṣì ń kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ojú ọ̀nà agboolé wa kò rí ọ̀dà títí tí mo fi ṣe ìgbéyàwó.

Bàbá mi ṣe òṣèlú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ yí orúkọ padà, àwọn ènìyàn yí ẹgbẹ́ padà, bẹ́ǹṣì náà kò kúrò. Nọ́ọ̀sì kú ṣáájú rẹ̀. Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá bàbá mi, àwọn tó wá kì í ṣe ọmọ ìlú nìkan. Àwọn ará Àlàbá ti ilé ìtajà wọn fún ìdajì ọjọ́, àwọn Ègùn gba orí omi wá, àwọn onísùtánà dúró ní ìta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán nígbà tí àwọn àáfà ń kírun sí i lára. Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ohùn ńlá náà ti rọ. Ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀, kí Ọlọ́run ṣe àánú ẹ̀gbọ́n òun. Ó jókòó.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, mo lọ bá a níbi tó jókòó sí. Mo ti ń fẹ́ bi í láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ọdún tí ẹ du káńsẹ́lọ̀, ṣé ó dùn yín púpọ̀ pé bàbá mi kò tò sẹ́yìn yín?"  Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà kan sílẹ̀.

Ó ní, "Síkírá, kì í ṣe pé kò tò sẹ́yìn mi ló dùn mí. Mo dúró níwájú lọ́jọ́ náà, mò ń wo ìlà obìnrin yẹn. Ohun tó dùn mí ni pé, ká ní èmi ni mo wá dìbò ní òwúrọ̀ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi náà ì bá tò sí."